Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Ẹ̀yáwó: Ìtọ́sọ́nà Fún Oníṣòwò Kékeré

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ṣùgbọ́n tí owó kò sí lọ́wọ́ yín, àti ẹ̀yin tí òwò yín ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú owó rẹ̀ kéré jù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó àwọn obìnrin ọjà n'Íbàdàn. Mo ti kọ orúkọ ẹni tó gba owó sínú ìwé, mo sì ti kọ orúkọ ẹni tí kò rí i san. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀yáwó máa ń ran òwò tó ti ń rìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà kọ́ òwò tuntun ní ìrìn. Ìdí nìyí tí a ó fi gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta kí a tó kan ilé olówó rárá.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tẹ èsì ìwádìí mẹ́fà jáde pa pọ̀, láti Bosnia, Ethiopia, India, Mexico, Mongolia àti Morocco. Níbi púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yáwó kékeré jẹ́ kí àwọn kan fẹ òwò wọn lójú, ó sì jẹ́ kí owó rọrùn díẹ̀ láti yí láàárín ilé. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé ó sọ àwọn tálákà di olówó. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí òṣìṣẹ́ báńkì bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín tó ń ṣèlérí.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò jù ni ti alákàrà, torí kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà láàárín wa. Àwọn iye owó inú àpẹẹrẹ yìí, mo kàn fi ṣe ìṣirò ni. Ẹ fi iye tó wà lọ́jà yín rọ́pò wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi owó ara yín dán òwò náà wò

Ẹ má jẹ́ kí náírà àkọ́kọ́ tó máa wọ inú òwò yín jẹ́ náírà tí ẹ yá. Bó bá jẹ́ kóńgò ẹ̀wà kan ṣoṣo ni owó yín ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dín in fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ní ojú ibi tí ẹ fẹ́ máa tà sí gan-an, ní àkókò tí ẹ fẹ́ máa tà á gan-an. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni ẹ máa mọ̀ bóyá àwọn ọmọ iléèwé ló ń ra tiyín jù ni tàbí àwọn ọlọ́kadà, bóyá ọjà kì í tà rárá lọ́jọ́ Àìkú, bóyá òjò máa ń gbé ìdajì owó lọ. Gbogbo àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó ṣì jẹ́ tiyín, kò sí èlé lórí rẹ̀.

Níbo ni owó kékeré yẹn yóò ti wá? Àjọ ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Alájọ máa ń wá bá yín lójú iṣẹ́, á fún yín ní káàdì tó ní ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ilé kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó di ₦15,500. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin á kó ₦15,000. Owó náà kò pọ̀, kò sì mú èlé wá, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ yín ní ohun tí báńkì máa béèrè lọ́wọ́ yín lọ́la: kí ẹ máa mú iye kan sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí ọjà tà, bí kò tà. Kìkì pé kí ẹ yan alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí ẹ mọ ẹbí rẹ̀, tó ti pẹ́ lọ́jà yẹn. Àwọn alájọ tó kó owó ọlọ́jà sá lọ kì í ṣe ìtàn àròsọ.

Èsúsú ni èkejì. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó ₦50,000 nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ kó, ẹ̀yáwó ló gbà láìsan èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn, ó kàn tọ́jú owó rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa gbé àṣà yìí kọjá òkun dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò, mo máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó bẹ̀bẹ̀ fún àárín, bí ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Bó bá kó o kíákíá jù, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi rà. Bó bá kó o kẹ́yìn, ó lè ti sú u.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò èrè yín, kì í ṣe owó tí ẹ pa

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí náà ẹ jẹ́ ká jókòó síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí ẹ kò bá lè kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń lọ iléèwé máa bá yín kọ ọ́ lálaalẹ́, kó má di ọjọ́ kejì. Ká ní alákàrà wa pa ₦15,000 lónìí. Kó tó sọ pé òun jèrè, ó gbọ́dọ̀ yọ gbogbo ohun tó fi pa á kúrò: ẹ̀wà ₦6,000, òróró ₦3,500, ata àti àlùbọ́sà ₦1,200, owó tó fi lọ ẹ̀wà ₦400, èédú ₦700, ọ̀rá ₦200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,000. Bó bá ń tà fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, èrè ọ̀sẹ̀ á jẹ́ ₦18,000.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í wọ inú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì ń jẹ èrè. Àkàrà tí àwọn ọmọ jẹ lọ síléèwé. Èyí tí ẹ fi ṣe ẹ̀yẹ fún ìyálọ́jà. Owó ọkọ̀ lọ sọ́jà ẹ̀wà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Èyí tó ṣẹ́kù tí ẹ tà ní ìdajì owó lálẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ má fún ọmọ yín ní àkàrà. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ẹ ra àkàrà náà ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wá ọ̀sẹ̀ tó burú jù nínú ìwé yẹn. Òun ni ẹ máa fi ṣe ìdíwọ̀n, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tó dára jù ṣe é. Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni pé owó tí ẹ máa san fún olówó lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta èrè ọ̀sẹ̀ yín lọ. Ìdámẹ́ta yòókù á wọ inú ilé, ìdámẹ́ta tó kẹ́yìn á dúró de òjò, àìsàn àti ọ̀wọ́n ọjà. Bí ọ̀sẹ̀ tó burú jù fún alákàrà wa bá jẹ́ ₦18,000, kó má ṣe gba ẹ̀yáwó tó máa gbà ju ₦6,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦9,000 ni ọ̀sẹ̀ tó burú jù, ₦3,000 ni òpin rẹ̀. Àwọn kan máa sọ pé ìlànà yìí le jù. Mo mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ilé tí ìkòkò ti gbẹ torí wọ́n rò pé ìdajì èrè kò pọ̀ jù fún olówó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi owó náà rà

Kí ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: “Mo fẹ́ ra odindi àpò ẹ̀wà kan dípò kóńgò kóńgò.” Ìyẹn ni ẹ̀yáwó tó dára. Tálákà ló ń ra ọjà wọ́n jù láyé yìí, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á. Ẹni tó ra àpò àti ẹni tó ra kóńgò kì í ra iye kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni ẹ̀yáwó lè sọ di èrè yín. Lẹ́yìn ìkórè ní òkè Ọya, láti bí oṣù Kẹwàá lọ, ẹ̀wà tuntun máa ń wọlé, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Ẹni tí owó bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà náà ló jàǹfààní.

Ẹ̀yáwó tí wọ́n ń gbà padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà fún òwò tí owó ń wọlé lójoojúmọ́: àkàrà, ògì, ata, búrẹ́dì, ọṣẹ, ẹja yíyan. Kò wà fún àgbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ lè lo ọdún kan nínú ilẹ̀, àgbàdo á gbà tó oṣù mẹ́ta, adìẹ ẹlẹ́yin kì í yé kó tó pé bí oṣù mẹ́rin àtààbọ̀. Bí ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ bá gba owó tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ló fẹ́ fi san án? Ẹni tó ń ra èlùbọ́ pa mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè tà á nígbà òjò, kó wá owó tí wọ́n á gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọjà bá ti tà. Ẹni tó ń ná ọjà ọrọọrún, kó béèrè bóyá wọ́n lè fi ọjọ́ ọjà ṣe ọjọ́ ìsanwó. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti fìríìsà, nǹkan tí yóò pẹ́ ni wọ́n, owó ọdún kan ló yẹ wọ́n, owó oṣù mẹ́rin á fún wọn lọ́rùn.

Owó iléèwé, owó ilé, òkú sísìn, aṣọ ẹbí: ẹ má fi orúkọ òwò yá owó fún ìkankan nínú wọn. Wọn kì í pa owó tí ẹ máa fi san án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo gbogbo ibi tí owó wà kí ẹ tó yan ọ̀kan

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo máa fi ṣíwájú. Òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ẹ máa fi owó pa mọ́ níbẹ̀ fún ìgbà kan, oṣù mẹ́fà níbi púpọ̀, kí ẹ tó lè yá, wọ́n sì sábà máa ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pa mọ́. Èlé wọn kì í ga, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ni ẹgbẹ́. Èlé tí ẹ san lónìí á padà sọ́dọ̀ yín bí wọ́n bá pín èrè lópin ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó nílò owó lọ́sẹ̀ yìí kò lè rí i gbà. Nítorí náà, ẹ wọ ẹgbẹ́ kí ìnáwó tó dé. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ìwé owó wò kẹ́yìn.

Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba èlé wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹgbẹ́ á ra ọjà tí ẹ fẹ́, wọ́n á fi èrè kan tí gbogbo yín jọ mọ̀ lé e, wọ́n á wá tà á fún yín kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn iye owó náà kì í yí padà, bó ti wù kí ẹ pẹ́ tó.

Báńkì kéékèèké tí a ń pè ní maikirofáínáǹsì ló yá jù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó ti jáde, wọn kì í sì í béèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún owó kékeré. Kí ẹ tó wọlé, ẹ rí i dájú pé báńkì náà ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo báńkì ní Nàìjíríà, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì kéékèèké 132 lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà lórí ìkànnì CBN. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí fóònù. Owó tí ẹ bá fi pa mọ́ sí báńkì kéékèèké tó ní àṣẹ, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe adójútòfò owó inú báńkì, ń dáàbò bò ó títí dé ₦2,000,000 láti ọdún 2024. Báńkì tí kò ní àṣẹ, kò sí NDIC kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Owó ìjọba máa ń wá, ó sì máa ń lọ. TraderMoni ti ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦10,000 láìní èlé, ẹni tó bá sì san án á tún rí ₦15,000 gbà. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí owó ìjọba tó wọlé, olè ni.

Ọjà àwìn lọ́wọ́ alágbàtà náà, ẹ̀yáwó ni. Bó bá fún yín ní òróró lónìí kí ẹ san án lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bi í léèrè iye tí ì bá tà á fún yín bí owó bá wà lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ yẹn ni èlé rẹ̀, ó sì lè ju ti báńkì lọ.

Ẹ̀yáwó orí fóònù ni mo fi sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà. Owó máa ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì lè gbà á padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì pẹ̀lú èlé tó ga. Àwọn kan nínú wọn máa ń wọ inú fóònù ẹni kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìbanijẹ́ ránṣẹ́ sí àna, pásítọ̀ àti àwọn oníbàárà ẹni. Láti ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ní kí àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Èyí tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ wọn, ẹ má gbé e sórí fóònù yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè iye tí owó náà jẹ́ ní tòótọ́

Òṣìṣẹ́ báńkì á sọ pé, “Mọ̀mọ́, èlé wa kò wọ́n, náírà mẹ́ta péré ni lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù.” Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí: lórí iye wo ni ẹ ti ń ṣírò náírà mẹ́ta yẹn? Ṣé lórí gbogbo owó tí mo gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, àbí lórí èyí tó kù lọ́rùn mi?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Alákàrà wa gba ₦120,000 fún oṣù mẹ́fà.

Bó bá jẹ́ lórí gbogbo owó ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ₦3,600 ni èlé oṣù kìíní, ₦3,600 náà ni ti oṣù kẹfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti san èyí tó pọ̀ jù nínú ojú owó nígbà náà. Àpapọ̀ èlé jẹ́ ₦21,600.

Bó bá jẹ́ lórí èyí tó kù ni, tó sì ń san ₦20,000 nínú ojú owó lóṣooṣù, èlé á máa sọ̀ kalẹ̀: ₦3,600, ₦3,000, ₦2,400, ₦1,800, ₦1,200, ₦600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,600.

Náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦9,000.

Kò tán síbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ibi máa ń dá díẹ̀ nínú owó dúró gẹ́gẹ́ bí owó ìfipamọ́, wọ́n tún máa ń gba owó fọ́ọ̀mù àti owó adójútòfò. Ká ní wọ́n dá ₦12,000 dúró, wọ́n sì gba ₦3,000 fún fọ́ọ̀mù àti adójútòfò. Owó tó wọ ọwọ́ alákàrà jẹ́ ₦105,000, ṣùgbọ́n lórí ₦120,000 ni wọ́n ṣírò èlé rẹ̀. Bó bá gba irú ìṣirò àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó máa san jẹ́ ₦141,600. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ó jẹ́ ₦5,900 lọ́sẹ̀. Ẹ rántí òpin tí a fi sí i: ₦6,000. Ó wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kó kọjá. Bí ọ̀sẹ̀ tó burú jù bá kéré sí ₦17,700, kó gba owó tó kéré sí èyí.

Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sórí ìwé fún yín:

- Èló ló máa wọ ọwọ́ mi gan-an?
- Èló ni gbogbo ohun tí mo máa san, láti ọjọ́ kìíní títí dé ìparí?
- Bí mo bá tètè san án tán, ṣé èlé á dín kù?
- Bí mo bá pẹ́ ọjọ́ kan, èló ni owó ìtanràn?
- Ìgbà wo ni mo lè gba owó ìfipamọ́ mi?

Ibi tí wọ́n ti ń bínú sí ìbéèrè, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yan ẹgbẹ́ yín bí ẹni ń yan àna

Ọ̀pọ̀ báńkì kéékèèké kì í yá ẹnì kan ṣoṣo lówó ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á ní kí ẹ kó ara yín jọ. Àwọn ará Bangladesh ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káyé. Ní ọdún 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ yunifásítì kan, fi dọ́là 27 láti àpò ara rẹ̀ yá ènìyàn 42 ní abúlé Jobra, torí owó tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di ẹrú. Láti ibẹ̀ ni Grameen Bank ti jáde ní 1983, tí òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2006. Márùn-ún márùn-ún ni àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń kó ara wọn jọ. Ẹni tí kò ní ilé àti ilẹ̀ tó lè fi dógò, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló dúró fún un.

Níbi púpọ̀ nílẹ̀ wa, ìtumọ̀ ìdúró yẹn ni pé bí ẹnì kan bá sá, àwọn tó kù ló máa san án. Nítorí náà, ẹ má wọ ẹgbẹ́ tí báńkì kó jọ fún yín láàárín ọjọ́ kan. Ẹ yan ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí ẹ ti bá dá èsúsú rí, tí òwò rẹ̀ sì ń lọ lójú yín. Ẹ jẹ́ kí òwò yín yàtọ̀ síra. Bí gbogbo yín bá jẹ́ aláta, ọ̀sẹ̀ tí tòmátì bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni gbogbo yín máa jẹ gbèsè pọ̀. Ẹ má mú ọmọ ìyá yín bí ẹ kò bá lè béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìjà.

Ohun kan wà tó ń dùn mí gan-an. Ẹnì kan á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ gba owó lórúkọ yín, kí ẹ kó o fún òun, òun á máa san án. Ẹ má ṣe é, ìbáà jẹ́ àbúrò yín, ìbáà jẹ́ alága ẹgbẹ́. BVN yín ló wà lórí rẹ̀. Mo ti rí ìyá àgbà tó ń san gbèsè owó tí kò fojú kàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Fọ́ọ̀mù àti ìwé

Ẹ máa nílò BVN, NIN, fọ́tò, ìwé iná tàbí ohun mìíràn tó fi àdírẹ́sì hàn, àti onígbọ̀wọ́ kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè kàwé tó sì fẹ́ràn yín ka fọ́ọ̀mù náà sí yín létí ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2020 ni ìlànà CBN kan ti wà tó jẹ́ kí báńkì tó yá yín lówó lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ṣẹ́ẹ̀kì ńkọ́? Àwọn kan máa ń ní kí onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì láìkọ iye sí i. Ẹ sọ fún un kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbèsè nìkan kì í ṣe ọ̀ràn, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn owó tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí kò ní owó lẹ́yìn, ọ̀ràn ni láti ọdún 1977, ó sì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ tí owó bá wọlé

Kó lọ sọ́jà tààrà. Ra àpò ẹ̀wà yẹn lọ́jọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì. Owó tó bá sùn nílé lóru mẹ́ta á gbọ́ gbogbo ìṣòro ẹbí. Bí ọkọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ ẹni tó máa béèrè, ẹ sọ fún un ṣáájú pé owó báńkì ni, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Láti ọjọ́ náà, ẹ máa ju ₦1,000 sínú kóló tàbí kí ẹ fún alájọ lójoojúmọ́ tí ẹ bá tà. Ọjọ́ mẹ́fà á fún yín ní ₦6,000, ₦5,900 á lọ sí mítìn ẹgbẹ́ níbi tí ẹ ti ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ₦100 á kù. Ẹni tó dúró di àárọ̀ ọjọ́ mítìn kó tó wá owó, ojú owó ló máa fi san án, àpò ẹ̀wà á sì máa rù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́. Ẹ dín àwìn títà kù pátápátá títí ẹ ó fi san án tán, torí ẹni tó yáwó tó tún ń tàwìn, òun ló ń san èlé fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ iye tí ẹ san sínú páásì yín, ìyẹn ìwé ìsanwó yín, lójú yín, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara òun, ẹ kọ̀ fún un.

Bí nǹkan bá dojú rú

Àìsàn lè dé. Wọ́n lè wó ọjà. Òróró lè gbówó lórí lóru ọjọ́ kan. Ẹ má sá, ẹ má sì pa fóònù. Ẹ lọ bá báńkì kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, ẹ mú ìwé òwò yín dání, kí ẹ ní kí wọ́n fa ọjọ́ náà gùn, kí iye ọ̀sẹ̀ lè kéré. Ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ yín náà. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ lọ yá owó níbòmíràn láti san èyí, pàápàá lórí fóònù. Ọ̀nà yẹn ló gbé àwọn tí mo mọ̀ dé ibi tí wọ́n ti jẹ olówó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá wá ń bú yín lójú ọjà, tí wọ́n gbé ọjà yín láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, tàbí tí wọ́n ń kọ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn yín, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun báńkì fúnra rẹ̀, kí ẹ gba ìwé pé wọ́n rí i. Bí wọn kò bá dáhùn, ó kan CBN. Ti orí fóònù, FCCPC ni.

Nígbà tí ẹ bá san án tán

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ máa sọ pé, “Ẹ ti ṣe dáadáa, ẹ gba ìlọ́po méjì.” Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje, ẹ̀yin ti san án, ọ̀nà sì ti là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kì í sọ pé dandan ni kí ẹ rìn ín lónìí. Ẹ padà sí ìwé yín. Ṣé èrè ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ ju ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ? Ṣé àpò ẹ̀wà tí ẹ ń rà báyìí, owó tiyín ni ẹ fi ń rà á? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè máà nílò ẹ̀yáwó mìíràn fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ògì kún àkàrà, ẹ tún fi kóńgò kan dán an wò ná.

Kí ẹ tó kúrò ní báńkì, ẹ gba owó ìfipamọ́ yín, ẹ gba ṣẹ́ẹ̀kì onígbọ̀wọ́ padà bó bá wà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ báńkì, tó sọ pé ẹ kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ fi lẹ́tà náà sí ibi tí ìwé ilé wà.